Irun Ẹ̀yìn Ọwọ́ Tájù

Kàsímù Odùbánjọ, awọnlẹ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ lọ́nà Àjá ní ọdún 1974, kò ní aago, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ àkókò jù ú lọ. Bó bá ti kí Àsùbáà tán, yóò mu ògì, yóò na ọwọ́ òsì síta. Ìgbà tó bá rí irun ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ niṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá, oòrùn á ti mú kí ilẹ̀ máa gbọ̀n nínú dígí ẹ̀rọ tó fi ń wọnlẹ̀ bí omi tó ń hó. A ó lọ jókòó sábẹ́ àgbọn títí di aago mẹ́rin.

Òfin Kàsímù ni: kí irun ọwọ́ tó hàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ irà. Irà ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnìkan. Ó gbé màlúù kan mì níṣojú mi, okùn ọrùn rẹ̀ nìkan ló bì padà. Ẹni tó bá pè é nírọ́, okùn náà la fi so ewúrẹ́ ìyá yín àgbà.

Tájù, ọmọ apẹja Àjá, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ló ń ru ọ̀pá pupa-òun-funfun lọ síwájú. Kàsímù á wo ọ̀pá nínú dígí, á pe nọ́ńbà, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n fẹ́ sọ àkọ́bí Kàsímù lórúkọ ní Awoyaya ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó fẹ́ tètè parí iṣẹ́ kó lè débẹ̀, ló bá jí wa nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́.

"Tájù, mú ọ̀pá."

Tájù na ọwọ́. "Ọ̀gá, mi ò tíì rí irun ọwọ́ mi."

"Ṣé irun ọwọ́ ẹ ló fẹ́ sọ ọmọ mi lórúkọ ni?"

"Rárá o. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ṣòfin."

"Èmi náà ni mo yí i. Máa lọ."

Tájù wò mí, bóyá n óò dá sí i. Mo tẹjú mọ́ ìwé mi. Ó bọ́ bàtà, ó wọnú ìkùukùu, a ò rí i mọ́.

Kàsímù súfèé, ìyẹn ni pé kí Tájù na ọ̀pá sókè. Tájù kò súfèé padà. Òkun ń bú lẹ́yìn wa. Ó tún súfèé. Ọ̀pọ̀lọ́ kan dáhùn, òun náà sì panu mọ́. 

"Ǹ bá má ti rán an," ó wí, kì í ṣe fún mi.

Nígbà tí ojú ọ̀run là díẹ̀, ó fojú sí dígí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, dígí ayé ìgbà yẹn máa ń dorí ohun gbogbo kodò. Bí ènìyàn bá dúró, ẹsẹ̀ lẹ ó rí lókè, orí nísàlẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára.

Kàsímù fà sẹ́yìn bí ẹni tí ejò ṣán. "Wá wò ó."

Mo wò ó. Lábẹ́ ewé igi ògùrọ̀, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó dorí sókè. Kò ní ẹsẹ̀, ìbàdí ló ti tán. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohùn.

Ẹ rò ó wò. Bí orí bá wà lókè nínú dígí tó ń dorí ayé kodò, a jẹ́ pé níta lọ́hùn-ún, orí ló fi dúró.

Mo ju ìwé nù, mo sá. Igi àgbọn ló ń yà fún mi lọ́nà lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ Kàsímù wà níwájú mi, ó ń ka Áyátúlì Kúrúsíyù, ó ń fo ìlà. Lójijì ó dúró, mo kọlù ú.

"Kí ni nǹkan yẹn mú lọ́wọ́?"

"Èwo ni tèmi nínú ohun tó mú?"

"Ọ̀pá ni. Pupa, funfun."

"Ó ti pa Tájù gba ọ̀pá rẹ̀ nìyẹn. Jẹ́ ká lọ."

"Tájù ni. Ewé ló bò ó, òjìji rẹ̀ lójú omi la rí. Omi dorí ẹ̀ kodò, dígí tún dá a padà. Irà ti gbé e dé ìbàdí." Ó ti ń sáré padà. "Gbé ṣéènì wá."

Nígbà tí a débẹ̀, irà ti dé àyà rẹ̀. A ju ṣéènì tí a fi ń wọnlẹ̀ sí i, a fà á títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi bó. Ṣéènì náà gùn sí i ní ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ àwọn kan lápá ibẹ̀ fi tóbi ju ti inú ìwé lọ.

Tájù dùbúlẹ̀ lórí yanrìn, ohùn ti há. "Ọ̀gá, mò ń pè yín. Mo rí i tí ẹ ń sá lọ."

 Kàsímù mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó ń wò ó. Irun ti hàn.

Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán kó tó dé Awoyaya. Sìmbíátù, ìyàwó rẹ̀, bi í pé níbo ló wà. Ó ní irà ni.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Tájù ni aago wa. Nígbà kan, ọ̀gá àgbà gbé mọ́tò dé láàárọ̀, ó bi Kàsímù pé èéṣe tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣiṣẹ́. Kàsímù nàka sí Tájù. Tájù na ọwọ́, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ó ku díẹ̀, sà."

Oòrùn ti yọ dé orí àgbọn. Kàsímù jókòó, ó ń dúró dè é.