Ọ̀dà Funfun Lórí Irin Tó Dógùn-ún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń fi orúkọ Ọlọ́run bo ìwà ọ̀lẹ mọ́lẹ̀, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Adéníkẹ́ tó ń rán sùtánà ní Ìbà. Kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò tẹjú mọ́ aṣọ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, yóò pòṣé, ẹ ó sì ti gbọ́ ìdáhùn.

Ará Ìlaròó ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń ránṣọ fún àwọn aláṣọ funfun, láti Òkòkòmáíkò títí dé Ìjanikin. Bàbá Joy ti kó lọ bá obìnrin mìíràn ní Ọ̀tọ̀-Àwórì kí wọ́n tó já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Joy nìkan ló ní, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ló máa ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nítorí pé ojú ọmọ mú ju ti ìyá lọ.

Nínú ọgbà ìjọ wọn ní Òkòkòmáíkò, wọ́n gbé táǹkì omi lé orí irin gíga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé sì ti ń kọ́ Bíbélì. Adéníkẹ́ rí i pé ẹsẹ̀ irin náà ti dógùn-ún, ó sì sọ fún Ládépọ̀, olùṣọ́-àgùtàn ìjọ. Nígbà tí ìkórè sún mọ́lé, Ládépọ̀ ṣe nǹkan sí i lóòótọ́: ó ní kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Nínú ìjọ tí ohun gbogbo gbọ́dọ̀ funfun, èyí tó bá ti funfun ti di mímọ́ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó kùn ún tilẹ̀ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ihò tí ògùn-ún ti jẹ, bí ẹni ń fi òróró sójú egbò.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìkórè, ẹsẹ̀ kan kán. Táǹkì wó lé àwọn ọmọ lórí. Ṣèyí, ọmọ Ládépọ̀, gbé ìgbọ̀nwọ́ bíbó lọ sílé. Joy kò délé mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ládépọ̀ wá kí i. Ó ní Ọlọ́run ló fún un lọ́mọ, Ọlọ́run náà ló gbà á. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó tún wá, ó ní èṣù ló ti táǹkì ṣubú. Kó tó pé oṣù kan, wòlíì ìjọ ríran pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà ní ìdílé Adéníkẹ́ tó yẹ kó jẹ́wọ́. Ọlọ́run, èṣù, ìyá ọmọ: gbogbo ẹni tó wà lọ́run àti láyé ni wọ́n dárúkọ tán, àfi ẹni tó ra ọ̀dà.

Adéníkẹ́ bi Ládépọ̀ pé, "Baba, bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló mú Joy, ta ló dá Ṣèyí sí?"

"Ọlọ́run kan náà ni. Ṣé o ò ka Sáàmù ni? Ẹgbẹ̀rún lè ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí Ọlọ́run bò."

"Joy wá ni ẹgbẹ̀rún?"

"Ìyá Joy, má bá Ọlọ́run jiyàn. Jóòbù náà béèrè ìbéèrè, kí ló rí níbẹ̀?"

"Ó rí Ọlọ́run, Baba. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàlàyé ni Ọlọ́run bínú sí."

Ládépọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń dúró de òun fún àdúrà ní Ìyànà-Ìbà.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́ta dání.

"Ìyá Joy, ẹ bá wa rán sùtánà tuntun fún Ṣèyí o. Ọjọ́ Ìsinmi la fẹ́ dúpẹ́. Ẹ má wulẹ̀ wọn ọmọ, ẹ ṣáà fi ìwọ̀n Joy rán an. Wọn ò kúkú ga ju ara wọn lọ."

Obìnrin náà kò mọ ohun tó sọ.

"Ẹ gbé e síbẹ̀, Ìyá Olùṣọ́."

"A sì ti ra táǹkì tuntun, ó kù ká gbé e gorí irin! Wọ́n ti jó ẹsẹ̀ tó kán yẹn padà, wọ́n ti tún gbogbo irin náà kùn. Ẹ̀yin lẹ máa dìde jẹ́rìí pé Ọlọ́run dára, kí ọkàn àwọn òbí lè balẹ̀, kí wọ́n lè dá àwọn ọmọ padà síbẹ̀."

Wọ́n lè pe ikú Joy ní ohunkóhun tó wù wọ́n. Adéníkẹ́ yóò fara dà á. Ṣùgbọ́n ọmọ mọ́kànlá ló kù nínú kíláàsì yẹn, ẹnu òun ni wọ́n sì fẹ́ fi kó wọn padà sábẹ́ irin.

Ó lọ bá Saheed, wẹ́dà tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tirẹ̀. Mùsùlùmí ni Saheed, Sáàmù kò kàn án. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọgbà ìjọ dá, Saheed fi òòlù gbá ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta àtijọ́. Òòlù wọlé ṣìn-ìn.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí kì í ṣe irin mọ́. Bisikíìtì ni."

"Wọ́n ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tó fi wó."

"Kí ni wọ́n ń da Ọlọ́run láàmú sí? Èmi Saheed mọ ìdí ẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá Joy."

"Mi ò bínú sí ẹ. Kán díẹ̀ níbẹ̀ fún mi."

Adéníkẹ́ rán sùtánà náà láìfi ohunkóhun dù ú: apá, ọrùn, gígùn, ìwọ̀n Joy gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ṣèyí wọ̀ ọ́, ó sì bá a mu. Ládépọ̀ ka Sáàmù rẹ̀ tán, ó pe ẹlẹ́rìí.

Obìnrin kì í wọ ibi pẹpẹ. Adéníkẹ́ dúró síbi tí wọ́n ń dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ èso ọpẹ́, nítòsí Ṣèyí. Ó tú àjákù aṣọ funfun kan tó mú dání.

"Ọlọ́run dára," ni ó wí. Àwọn èèyàn ké halelúyà. "Èmi àti òun ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ìyẹn, kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí, Ọlọ́run kọ́ ló kùn ún. Èṣù kọ́ ló kùn ún."

Ó na irin tí Saheed kán fún un sókè láti inú àjákù náà kí wọ́n rí i, ó funfun báláú. Ó wá fún un pọ̀. Ó fọ́ sí i lọ́wọ́, eruku pupa sì dà sórí èso, sórí ilẹ̀, sí etí sùtánà Ṣèyí.

"Bí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù ṣe rí nìyẹn. Òbí tó bá fẹ́, kó lọ fi ọmọ rẹ̀ jókòó sábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ̀mí àìgbàgbọ́!" ni Ládépọ̀ pariwo. "Ẹ dá orin!"

Agogo dún, kò sẹ́ni tó gbe orin. Ìyá Àánú ló kọ́kọ́ dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, wọ́n lọ ń ta irin náà nípàá, wọ́n ń wo bí ọ̀dà ṣe ń ṣí. Ìyá Olùṣọ́ wo eruku tó wà lára aṣọ ọmọ rẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó gbá Ṣèyí lọ́wọ́ mú, òun náà sì jáde.

Ládépọ̀ tún ṣí Sáàmù. Ó ń kà á fún àwọn àga.

Adéníkẹ́ wá omi tó máa fi fọ ọwọ́. Kò sí omi nínú ọgbà: ilẹ̀ ni táǹkì tuntun ṣì wà. Ó gbé ọwọ́ pupa náà lọ sílé.