Fíìmù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Buwọ́ Lù

Bí bàlúù bá ń kọjá lórí ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Máfolúkù, ńṣe la máa ń dákẹ́ títí yóò fi lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin mi kì í tiẹ̀ wò ó mọ́. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ àròkọ, ohun kan náà ni gbogbo wọn á kọ: orúkọ mi nìyí, mo fẹ́ràn ìrẹsì. Ó sú mi pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan wà níbẹ̀, òun ni olórí àwa tíṣà. Ọmọ Èkìtì bíi tèmi ni, a sì jọ ń jẹun ọ̀sán pọ̀. Òun ló fún mi ní fíìmù náà: ọmọbìnrin kan já sínú kànga, ó bá ara rẹ̀ nílùú tí ẹja ti ń fò. "Àbúrò mi, fi èyí hàn wọ́n, wàá rí i bí ọpọlọ wọn á ṣe ṣí." Gbogbo ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa kí a tó kọ́ ọmọ ní ohunkóhun. Mo kọ fíìmù náà sínú tèmi, mo gbé e lọ bá a. Ó ní, "Máa lọ jàre, màá buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ẹtì." Èmi ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ṣé màá wá dúró lé ẹ̀gbọ́n mi lórí nítorí síáìnì? Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ọ̀dẹ̀ ni mí nígbà yẹn.

Àwọn ọmọ wo fíìmù, wọ́n sì kọ̀wé! Ọ̀kan ní bàlúù bà sórí òrùlé àwọn, ó wá tọrọ omi mu. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá fi pẹ́ńsù kọ ojú ìwé mẹ́ta gbáko: pé ní gbogbo Sátidé, tíṣà òun máa ń di ẹja, á fò lọ jíṣẹ́ òun fún ìyá òun tó ti kú, á sì bá òun gba èsì bọ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Bàbá rẹ̀ ka ìwé náà nílé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e wá bá ìyá tó ni ilé ìwé, ó ń pariwo pé màmí wọ́tà ni mí, pé mo fẹ́ mú ọmọ òun wọ ẹgbẹ́. Ìyá náà béèrè ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi. Kò sí síáìnì níbẹ̀. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi balẹ̀, mò ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mà, mo kìlọ̀ fún un. Kò gbọ́."

Háà! Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí n máa lọ.

Mò ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nígbà tí ọmọbìnrin náà wọlé, ó na ìwé rẹ̀ sí mi. Ó ti fi ìrésà pa gbogbo ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ títí wọ́n fi fẹ́ ya. "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ti pa á rẹ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dúró."

Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣe tíṣà báyìí. Ní gbogbo oṣù tuntun, ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo máa ń dáhùn pé, "Àmín, mà." Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ tó bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi purọ́, ó jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rò pé ìtàn tí òun kọ nípa ìyá òun ló lé tíṣà òun lọ. Bàbá rẹ̀ mú un kúrò nílé ìwé náà, n kò sì rí i sọ fún un pé kò ṣẹ̀ mí.