Ìtẹ́ Òkú Àwọn Ṣọ́jà ní Ibodè

Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù le, ilé iṣẹ́ tí a ti ń hun aṣọ ní Sango ní ká lọ máa jókòó sílé, wọn yóò ránṣẹ́ pè wá. Wọn kò pè wá. Ilé ni mo wà ní Ìjòkó, tí mò ń ka igi àjà, nígbà tí bàbá mi ní kí n sin òun dé ibodè.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Bàbá?"

"Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí."

Bàbá mi ṣe ṣọ́jà nígbà ogun àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. A wọ bọ́ọ̀sì, a gun ọ̀kadà, a dé bárékè àtijọ́ kan tí odi rẹ̀ ti wó. Ẹ̀yìn odi náà ni wọ́n sin àwọn ṣọ́jà sí. Ẹ̀gẹ́ ti kún àárín àwọn sàréè. Obìnrin kan ń pọ́n àdá lára òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Ó kí wa. "Ebi ló gbé wa débí, Bàbá. Ẹ má bínú."

Bàbá mi kò mọ̀wé. Èmi ni mò ń nu èérí ara àwọn òkúta, tí mò ń ka orúkọ sókè fún un. Nígbà tó yá, ó ní, "Dúró." Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ẹ̀gẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Ó kéré sí mi. Èmi ló yẹ kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣọ́ ibodè lọ́jọ́ náà. Mo ní ibà ń ṣe mí. Ibà kankan ò ṣe mí, omi ni mò ń bẹ̀rù. Ó ní, 'Ẹ sinmi, n ó lọ dípò yín.' Ọkọ̀ náà dojú dé."

Mo fà á dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Mo rò pé ó parí. Ó ní ó ku Igbesa, níbi tí àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà wà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti darúgbó, ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Inú rẹ̀ dùn láti rí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bu omi fún wa. Bàbá mi kò tíì mu ún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ wá sọ fún ìyá wa pé ìbọn ọ̀tá ló pa á?"

"Èmi ni."

Ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí. Kò jáde. Bàbá mi ní òun kò lọ, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó dìde.

Lọ́nà, mo ní ó ti sọ òótọ́, ọkàn rẹ̀ yóò fúyẹ́.

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. "Ẹrù mi ni mo lọ gbé lé e lórí yẹn. Ó sì ti dàgbà jù."

Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Èmi náà, bí wọ́n bá rán mi lọ sí Igbesa, mo máa ń wá àwáwí.