Ẹni Tó Dàgbà Jù Nínú Àwọn Tó Fara Pa

Òórùn amọ̀ tútù ni mo fi ń rántí ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìjọba òyìnbó ò tíì pẹ́ ní Ẹdẹ nígbà yẹn, mo sì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kékeré tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kọ́. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń di egbò, mo wá rò pé mo ti mọ iṣẹ́ tán. Dókítà kan ṣoṣo tá a ní sì ti lọ sí Ìbàdàn.

Ògiri ló wó lu àwọn tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ ilé lọ́nà Sekona. Ilẹ̀kùn àti ẹní ni wọ́n fi gbé wọn dé, amọ̀ bo gbogbo wọn. Kí ọ̀gá mi, ìyá nọ́ọ̀sì, tó ronú ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí ti bá a rò ó: baba onílé ló dàgbà jù, apá wọn sì ti kán, baba ló kàn.

Ìyàwó tuntun ilé náà jókòó sẹ́yìn, ó fi ìborùn bojú, kò ké, kò mira. Àwọn ìyá ọkọ ń yìn ín pé ó lẹ́kọ̀ọ́, kò jẹ́ sunkún níwájú àna. Èmi náà yìn ín. Ìgbà tí mo ń gbé omi kọjá ni ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí ẹní rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ká ìró rẹ̀ sókè, itan rẹ̀ ti ya, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tutù.

Mo ní ìyàwó náà ló kàn. Ni ariwo bá sọ.

“Kí o fi baba sílẹ̀ kẹ̀? Ṣé orí ẹ pé ṣá?”

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ tọ́jú baba ná.”

Baba ní kí wọ́n dákẹ́. “Ta ló dàgbà jù níbí?”

Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ni, baba.”

“Ó dáa. Ohun tí mo bá wí ni kí ẹ ṣe. Ẹ gbé ọmọ yẹn síwájú.”

Ìyàwó yè. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́ kó tó dá, nígbà tó fi máa kan baba, apá ti wú kọjá ohun tá a lè tò. Baba ò lè fi di ọkọ́ mú mọ́ títí wọ́n fi kú.

Láti ìgbà náà, bí jàǹbá bá dé, ọ̀gá mi á kọ́kọ́ wá àgbà inú wọn, á kúnlẹ̀ tì í, á ní kó bá wa yan ẹni tá a máa kọ́kọ́ dá lóhùn. Àwọn kan yan ara wọn o, àmọ́ wọn ò pọ̀.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Ibi tí èrò bá wà, èmi ló sábà máa ń dàgbà jù. Bí jàǹbá bá ká wa mọ́ lónìí, èmi ni wọ́n máa kúnlẹ̀ tì. Mo máa ń rò ó, mi ò sì tíì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹlòmíì ni mo máa tọ́ka sí.