Gabriel Wọ̀lé-wọ̀lé, Ọmọ Ọ̀yọ́ Tó Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Ká ní wọ́n ń fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣèdánwò ni, Gabriel Ọládipúpọ̀ ni ì bá máa gbapò kìíní. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ṣe wọ̀lé-wọ̀lé, tó ń yẹ ilé onílé wò bóyá ó mọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ tiẹ̀ kì í ṣe tàwa tá a máa ń fọwọ́ kanlẹ̀ sáré dìde o. Gabriel á na gbọọrọ, á fàyà lélẹ̀, á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà!" Ọ̀gá ẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, á wáá wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi.

Inú máa ń bí Ọlọ́runṣògo tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Bọ̀dá Gébù, ẹni tí ò níwà yẹn lẹ ń yí gbirigbiri fún?"

"Ìwà ẹ̀ kọ́ ni mò ń kí. Ọlọ́run ló fi í ṣọ̀gá mi. Àràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún un."

"Àdúrà yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ o!"

Lọ́dún 1988, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ìyá Marufat, opó kan, nílé sẹ́bàá títì. Ọ̀gá Ọládépò fẹ́ rà á, ìyá lóun ò tà. Ni ọ̀gá bá pe Gabriel. Imú lọ̀gá yìí fi ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ọ: "Gé-bù-rẹ́-lì-ì-ì! Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ìyá yẹn dọ̀tí, pé tanwíjí kún inú àmù ẹ̀. A ó tì í pa. Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní Sátidé ìmọ́tótó, ìwọ lo máa sọ fún un."

Gabriel na gbọọrọ kó tó fèsì. Kó tó dìde báyìí, ọ̀gá ti gbà pé ó ti gbà, ó ti gbé alùpùpù ẹ̀ lọ!

Lọ́jọ́ kejì, Gabriel lọ bá a. "Ẹ̀yin lọ̀gá mi, sà. Tẹ́ ẹ bá ní kí n gbá gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, màá gbá a. Irọ́ yẹn nìkan ni mi ò lè pa."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó o dọ̀bálẹ̀ tó báyẹn? Tó o bá já mi kulẹ̀, má padà wá síbi iṣẹ́."

Ọmọ mẹ́rin ló ń jẹun lórí iṣẹ́ yẹn. Gabriel ò sùn dáadáa.

Sátidé pé. Gabriel wọṣọ funfun báláú, ó ti fi sítáàṣì lọ̀ ọ́. Àgbàlá Ìyá Marufat kún fọ́fọ́. Ọ̀gá Ọládépò na ìwé ẹ̀sùn tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ sí ọ̀gá àgbà, ó di imú mú: "Ẹ ò gbóòórùn ni, sà?"

Ọ̀gá àgbà kọjú sí Gabriel. "Wọ̀lé-wọ̀lé, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ni Gabriel bá dọ̀bálẹ̀ fáwọn ọ̀gá méjèèjì lórí símẹ́ńtì àgbàlá ìyá. Ó fàyà lélẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó dìde. Gbogbo ojú lọ sára aṣọ funfun yẹn. Eruku bíńtín báyìí, ẹ ò ní í rí i!

"Ẹ kú ìrìn, sà. Ọ̀gá mi ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé yìí mọ́."

Ọ̀gá àgbà ṣí àmù, ojú ara ẹ̀ ló rí nínú omi. Ó fa ìwé ẹ̀sùn yẹn ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. "Ọládépò, Mọ́ńdè, wá rí mi n'Íbàdàn. Iṣẹ́ ẹ ti bọ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Gabriel tún ti wólẹ̀. "Ẹ má lé wọn. Ọ̀gá mi ṣì ni wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bẹ ìyá ni."

Ọ̀gá àgbà ní ó dáa. Ọ̀gá Ọládépò bẹ ìyá, òógùn bò ó.

"Alihamudulilai!" ni Ìyá Marufat. "Halelúyà!" ni Ọlọ́runṣògo, ohùn ẹ̀ ló ga jù. Àwọn obìnrin ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fijó sin Gabriel dé títì, tòun tìtìjú lójú.