Àdín Tí Mo Kán Sínú Aago Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí gbogbo àdúgbò wa l'Ókè-Sópẹ́n ṣínu nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, tó sì jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó fà á. Òjò ti ṣú láti ọ̀sán ọjọ́ náà, ojú ọjọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹnu gbogbo wa sì gbẹ nítorí pé inú ààwẹ̀ la wà. Bí bàbá mi ṣe gbé ohùn sókè tí wọ́n pe ìrun Màgàríbà, kò sẹ́ni tó tún wo òkè. Àwọn kan ti gbé omi mì kí ìpè náà tó dé ìdajì. Èmi náà ti bu àkàrà jẹ. Àfi bí ìkùukùu ṣe là, tí oòrùn yọjú yòò bí ìyàwó tó fẹ́ mọ ẹni tó wá kí ọkọ rẹ̀, tó sì tàn sórí ìdajì àkàrà tó kù lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan ní, "Subuhánálàì!" Ẹlòmíì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ bàbá mi, tí wọn ò lè rí ojú kankan.

Bàbá mi ti fọ́jú. Àwọn ni ládánì mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, iṣẹ́ wọn ni láti máa pe èèyàn síbi ìrun. Nígbà tí ojú lọ, wọn ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n yọ gíláàsì kúrò lójú aago ọwọ́ wọn, wọ́n wá ń fi orí ìka tọ́ ọwọ́ aago náà wò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ojú ọmọ tuntun tó ń sùn. Wọ́n á ní, "Ó ku ìṣẹ́jú méje." Kí ìwọ tó o lójú méjèèjì wo tìrẹ, ìṣẹ́jú méje náà ni. Aago àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n máa ń yí lọ́rùn láràárọ̀, kò mọ bátìrì. Bí rédíò bá ti ń ka ìròyìn àárọ̀, wọ́n á fi yí ọwọ́ rẹ̀ bá a mu, ó di ọjọ́ kejì.

Èmi ní tèmi, àdín ni mò ń tà l'Ójòwò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ti gbàgbé márùn-ún nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń ta nǹkan pẹ́, á gbà pé nǹkan náà lè jí òkú. Ara ọmọ gbóná, àdín. Ilẹ̀kùn ń han, àdín. Ẹ̀rọ ìránṣọ obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì há, mo kán àdín sí i, ó sì lọ geere. Nígbà tí bàbá mi wá ń ráhùn pé aago àwọn ń fà sẹ́yìn díẹ̀, tó sì jẹ́ pé bàbá tó ń tún irú rẹ̀ ṣe l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè ti kú, àwọn tó kù ò sì mọ̀ ju kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì lọ, ta ni ẹ rò pé ó sọ ara rẹ̀ di dókítà? Ọ̀sán ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe sùn lọ, mo fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn aago náà, mo fi ìyẹ́ adìẹ kán àdín sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkan fún ẹ̀rọ, ìkan fún ìbùkún, ìkẹta fún àṣejù. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.

Fún ọjọ́ méjì, aago dára, mo ń yan kiri bí olórí àwọn ẹlẹ́rọ. Lọ́jọ́ kẹta, aago tó ń fà sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ gba eré sísá bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ. Bàbá mi yí ọwọ́ rẹ̀ bá rédíò mu láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti já oòrùn sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí a ṣe jẹ àkàrà ojú oòrùn nìyẹn.

Lèmọ́mù fi sùúrù sọ ọ́. Wọ́n ní àṣìṣe ni, kí kálukú san ọjọ́ kan padà lẹ́yìn ààwẹ̀. Àmọ́ ta ló lè pa ẹnu ará ọjà dé? "Ládánì wa ò kúkú fẹ́ kébi pa wá!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Bàbá mi jókòó, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò dá aago lẹ́bi rárá. Òórùn àdín tó wà lára rẹ̀ ò yé wọn sí nǹkan kan, nítorí gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn nílé wa ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìka àwọn ló ti kú, wọ́n ní bóyá ọpọlọ àwọn náà ti ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ránṣẹ́ sí lèmọ́mù pé kí wọ́n wá ẹlòmíì. Wọ́n bọ́ aago náà jù sínú àpótí, wọn ò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n á ní kí n bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn. Wọ́n á fi ìka kà á. "Mẹ́tàdínlógún." Mo kà á, mẹ́tàdínlógún ni. "Tún òmíràn bù." Wọ́n tún mọ̀ ọ́n. Wọn ò sì gbà á gbọ́. Wọ́n ní mo ń tan àwọn kí inú àwọn lè dùn. Oúnjẹ sáárì tí mo bá gbé fún wọn, díẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ wò. Ẹnu mi yìí, tó mú bí abẹ, tí àwọn oníbàárà ń sá fún, ọjọ́ tó yẹ kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó kú pátápátá. Gbogbo àdúgbò ló máa san ààwẹ̀ nítorí mi, ta ló tún máa ra àdín lọ́wọ́ mi? Ẹ̀rù yẹn ló mú mi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ń kú lọ lójú mi lórí ohun tí wọn ò ṣe.

Ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí n tún aago náà ṣe ní bòńkẹ́lẹ́, kí n dá a padà, kí ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè bá mi wá gúrúùpù kan lórí fóònù, ti àwọn tó fẹ́ràn láti máa tú aago tò nílé wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn o. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ọ̀kan ń la pákó, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ ojú omi n'Íwópìn. Mo ní àgbàlagbà tó ń sanwó dátà nítorí kó lè máa wo inú aago tó ti kú, ìyà ló ń wá. Ọmọ mi ní, "Màámi, àwọn lẹ fẹ́ lọ bẹ̀ yẹn o."

Wọ́n kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àmọ́ wọ́n ní àṣà kan: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ fi òkú rẹ̀ hàn, ìyẹn aago àkọ́kọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa, kó sì sọ bó ṣe pa á. Wọ́n ní ẹni tó bá fi èyí pa mọ́, kò sẹ́ni tó lè bá a wo èyí tó ń ṣàìsàn. Èmi tí mi ò lè tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, mo gba ohùn mi sílẹ̀. Mo ní omi ló wọ aago náà. Ọlọ́kọ̀ Ìwópìn wo àwòrán tí mo fi ránṣẹ́, òun náà fi ohùn dáhùn.

"Màmá, orí omi ni wọ́n bí mi sí. Omi kì í dán báyìí. Òróró ni. Òróró wo ni?"

Mo fẹ́ bú u. Mo tẹ fóònù, mo mí, mo tún fi sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní, "Àdín ni."

Mo ní mo gbé, wọ́n ti lé mi jáde. Kò pẹ́ ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Nọ́ọ̀sì ní omi ọṣẹ lòun fi se tòun lórí iná. Tíṣà ní òun kun tòun ní ìpara ètè. Ọlọ́kọ̀ ní òun gé sípíríǹgì tòun bí ẹni gé irun imú. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ti kó ara wọn jọ sínú kòtò ọ̀hún, wọ́n ń tan iná fún ẹni tó ń já bọ̀.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Irin kan wà nínú aago, ó tín-ín-rín bí irun, ó ká bí ìkarahun ìgbín. Àdín ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ra, ìyẹn ló sọ aago di asáré. Ọlọ́kọ̀ fi ẹ̀mú kékeré, ìgò pẹtiróòlù tí wọ́n ń rọ sínú láìtà, àti òkú aago méjì rán awakọ̀ kan sí mi, kí n fi kọ́wọ́ ná. Mo ba àkọ́kọ́ jẹ́. Mo ba èkejì jẹ́. Ọwọ́ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì àdín ò mọ bí wọ́n ṣe ń di irun irin mú. Mo fi àwòrán ránṣẹ́, mo ń sunkún, mo ní mi ò lè ṣe é. Ọlọ́kọ̀ ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Màmá. Ẹ dákẹ́ èébú tí ẹ ń bú aago náà. Ó ń gbọ́ yín." Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú ààwẹ̀, mo fi pẹtiróòlù náà fọ ti bàbá mi, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a, mo to inú rẹ̀ padà sáyè. Kẹ̀kẹ́ kékeré inú rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tèmi títí di ọjọ́ kejì, wọn ò jìnnà síra. Mo wá gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́, ayọ̀ ń pa mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò." Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kí n tan rédíò. Nígbà tí rédíò sọ aago tó lù, wọ́n tún tọ́ ọ wò, wọ́n sì fajú ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"O rí i? Aago ò ṣe nǹkan kan rí. Èmi ni mo bàjẹ́."

Ẹ ò rí ayé mi lóde! Gbogbo wàhálà tí mo ṣe, ẹ̀rí ni mo lọ tún ṣe wá láti fi dá bàbá mi lẹ́bi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni. Àdín ni mo kán sí i. Ẹ ń sùn nígbà náà. Ó ń sáré lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo jẹ́ kó sáré."

Mo ń retí ìgbátí, mo tiẹ̀ ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

"Ìka mi ò purọ́?"

"Kò purọ́, Bàbá. Ohun tí aago sọ ló sọ."

Wọ́n kó ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ, wọ́n fi wọ́n bo ojú, èjìká wọn ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Gbé mi dìde. Wàá lọ sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn."

Mo lọ sọ ọ́. Lèmọ́mù ń jẹ ètè wọn kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan kígbe pé, "Àdín ló ṣínu fún wa!" Títí dòní, orúkọ tí wọ́n ń pè mí l'Ójòwò nìyẹn: Ìyá Àdín Ìṣínu. Àdín sì ń tà. Ìpè ìrun ni kò padà tán. Wọ́n ti gba ẹlòmíì, ó sì ń ṣe é dáadáa. Wọ́n dá ìpè ìrun Àlàásárì nìkan padà fún bàbá mi, ìkan nínú márùn-ún. Bàbá mi gbà á, wọ́n sì pè é títí ọlọ́jọ́ fi dé bá wọn. Mẹ́rin tó kù, ọwọ́ mi ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi tí ohun gbogbo ń pa lẹ́rìn-ín, mi ò tíì rí ẹ̀rín kankan nínú ìyẹn.

Mo ṣì wà nínú gúrúùpù náà. Bí ẹni tuntun bá wọlé tí ìtìjú ò jẹ́ kó fi òkú tirẹ̀ hàn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ ti àdín fún un. Ọlọ́kọ̀ ti ní kí n gba gíláàsì kí n fi bo ojú aago bàbá mi tó ti di tèmi báyìí, mo ní rárá. Lọ́sàn-án, bí ọjà bá dá, mo máa ń di ojú ní ìsọ̀ mi, màá fi orí ìka tọ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, màá sọ iye tó lù, màá wá la ojú wò ó. Mo máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣì í, ìgbà míì ogún. Aago ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣì ń kọ́.