Eruku Tí Adìẹ Kọ̀

Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé mílíìkì inú agolo ń fọ eruku kúrò láyà káfíńtà, a máa jà. Mo ti mu mílíìkì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi náà mu ún, wọ́n tún ń fi epo pupa ṣíbí kan lé e lórí, wọ́n á wá nu ẹnu wọn, wọ́n á ní ó parí, àyà ti mọ́. Irọ́ gbuu ni. Ibi tí mílíìkì ń gbà lọ kọ́ ni èémí ń gbà, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa àgbàlagbà méjì tí a ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdímù la ò mọ̀, tàbí ká ní a ò fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tí mò ń wí yìí, a kì í ṣe ọmọ ìyá, a kì í ṣe ọmọ bàbá. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti gba fíríídọ̀ọ̀mù tiwọn kí èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ayùn, torí náà ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n títí ayé. Àwọn ló pè mí wá sí Èkó, àwọn ló ní kí n wá bá àwọn nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. A jọ ń ṣe wọ́dúróòbù àti kábíńẹ́ẹ̀tì kíṣìnì fún àwọn tó ń kọ́lé sí Ìgàndó àti Egan, àti fún àwọn tó ń tún ilé wọn ṣe ní Gowon Estate. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni ládàánì mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà ní òpópónà wa. Ohùn wọn dùn, àmọ́ èémí wọn ló yà mí lẹ́nu jù. Gbólóhùn tó gùn jù nínú pípe ìrun, èémí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pè é, wọ́n á tún fà á síwájú sí i bí ẹni pé kò ní tán. Èémí yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Láyé ìgbà tí a ń kọ́ṣẹ́, igi gidi là ń gé. Nígbà tó yá, pákó MDF gba ìgboro kan, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Ó rọrùn, ó tẹ́jú, oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tí ayùn bá kàn án, ṣe ló máa ń tú bí èlùbọ́ tí wọ́n ń kù. Àárín iṣẹ́ ni ẹ ó ti rí i pé irun imú yín ti pọ́n. Èmi ni mo sọ pé a ò lè máa bá a lọ báyìí. Mo wá ayùn oníná kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, mo sì bá a pẹ̀lú méjì nínú àwọn ẹbí rẹ̀: réèlì tó ń rìn lórí rẹ̀, àti fákúùmù tó ń fa eruku ẹnu rẹ̀.

Réèlì yẹn, irin alumíníọ́ọ̀mù gbọọrọ ni, ó ga jù mí lọ tí ẹ bá gbé e nàró. Ẹ ó tẹ́ ẹ sórí pákó, ayùn á gùn ún, á máa lọ tààrà, kò ní yà sọ́tùn-ún, kò ní yà sósì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí rẹ̀. Ibi tí rọ́bà náà bá parí sí gan-an ni ayùn máa gé, torí náà ẹ ò nílò kí ẹ máa fojú wọn nǹkan. Ayùn tó bá kọ́kọ́ gùn ún ló máa gé rọ́bà yẹn dọ́gba mọ́ ara rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kí ayùn mìíràn tún gùn ún, ó lè gé rọ́bà náà jẹ, réèlì á sì di òpùrọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi nífẹ̀ẹ́ réèlì yìí débi tó ń mú mi bínú. Láràárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti orí dé ìdí, nítorí tí eérún pákó kékeré kan bá há sí abẹ́ rẹ̀, kò ní jókòó dáadáa. Wọn kì í jẹ́ kí epo tàbí gírísì kàn án, kó má baà ta sára pákó oníbàárà. Àbẹ́là ni wọ́n fi ń ra ojú ọ̀nà ayùn kó lè yọ̀. Wọn kì í gbé e ti ògiri, wọ́n ní á tẹ̀. Orí ìṣó mẹ́ta ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí ní ìbú. Bíríkìlà kan tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí wa wá yá a lọ́jọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n ò sí nílé, ó lọ fi tẹ́ ògiri tí ó ń rẹ́, ó dá a padà pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára. Ẹ̀gbọ́n ò dá a lóhùn kíkí mọ́ di ọdún Iléyá. Kódà lọ́dún Iléyá, ìdodo ẹran lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Ó dáa. Fákúùmù ńkọ́? Ojú ìyàwó tí wọn ò fẹ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní họ́ọ̀sì rẹ̀ ń fa ọwọ́ ayùn sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ wa ò tóbi, tí ẹ bá tan ayùn àti fákúùmù pa pọ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun òkè, torí náà ẹ̀gbọ́n á ní kí fákúùmù sinmi ná. Ká ní réèlì bà jẹ́, ara pákó ni yóò ti hàn, oníbàárà á pariwo. Fákúùmù bà jẹ́, ta ló máa pariwo? Ẹ̀dọ̀fóró ò lẹ́nu.

Fílítà kan wà nínú fákúùmù náà, òun ni asẹ́ tó ń dá eruku kíkúnná dúró kí atẹ́gùn nìkan lè gba ẹ̀yìn jáde. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n pé búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ la fi ń gbọn eruku ara rẹ̀, níta gbangba, jẹ́jẹ́. Wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ tí ó wá dí, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbá a mọ́ ògiri bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn ẹní ọdún tó kọjá. Ó ya. Wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀, wọn ò sọ fún mi.

Èmi ò mọ̀. Mò ń ṣiṣẹ́, fákúùmù ń hó, inú mi ń dùn pé a ti kúrò nínú ewu. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà la fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń fi ẹnu gba eruku, ó ń fi ìdí tú u sí wa lójú, èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀, èyí tí ojú ò rí. Ìgbà tí mo fẹ́ bu omi mu tí mo rí i pé ojú omi inú kúlà ti ní awọ ni mo tú ẹ̀rọ wò. Ọwọ́ mi wọ inú ihò fílítà yẹn já sí òdìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ya nǹkan yìí?"

"Kí ló ṣe é? Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́. Kódà, ó ń fà ju tàtẹ̀yìnwá lọ."

"Ó ń fà á, àbí? Níbo ló ń kó o lọ?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ọ̀gá wa ò ní fákúùmù, ṣebí wọ́n dàgbà, wọ́n darúgbó kí wọ́n tó kú."

"Ọ̀gá wa fi ayùn ọwọ́ gé ìrókò lábẹ́ igi. Gọ́ọ̀mù lẹ̀yin ń fà símú nínú yàrá onípáànù. Ẹ ń fi ìyẹn wé ìrókò?"

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu, wọ́n ní mò ń gbó àwọn lẹ́nu. Òótọ́ ni, mò ń gbó wọn lẹ́nu. Mo ra fílítà mìíràn, mo sì ní kí ọwọ́ wọn má kàn án mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni a ò fi bá ara wa jẹun.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìyá aládìẹ wá. Obìnrin kan tó ń sin adìẹ ní Egan ni, aláṣọ funfun, tí kì í wọ bàtà lọ́jọ́ ìsìn wọn. Àpò eérún pákó wa ló ń tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ rẹ̀. Kò tíì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní eruku lúbúlúbú yẹn mọ́ o. Adìẹ mi ń sín. Wọ́n ń la ẹnu kí wọ́n tó lè mí. Mẹ́rin ti kú. Dókítà ẹran ní eruku yẹn ni."

Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dìde dúró. Wọ́n ní, "Yéè, ẹ má bínú, ìyá. Ẹ fi orí jì wá. A ò mọ̀ ni o." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n lè jẹ́ bàbá fún. Kí ọjọ́ yẹn tó parí, àpò ti di méjì: eérún igi gidi lọ́tọ̀, ti MDF lọ́tọ̀. Wọ́n mú ọ̀dà, wọ́n kọ gàdàgbà sára àpò kejì: KÌ Í ṢE FÚN ADÌẸ. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé réèlì sórí pákó MDF, wọ́n gbé ayùn lé e, wọ́n sì ń gé e lọ. Fákúùmù wà ní igun, wọn ò tàn án. Àpò tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Inú bí mi gidigidi. Mo pa jẹnẹrétọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé adìẹ sàn jù yín lọ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, ikọ́ náà ò dúró bọ̀rọ̀. Nígbà tó dúró, wọ́n ní kí n lọ ra mílíìkì wá. Ìbínú ni mo fi lọ rà á. Mo rà á ṣá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni gbogbo àdúgbò wá gbọ́ ohun tí èmi ti ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mò ń lẹ etí pákó lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Gbólóhùn kejì já láàárín. Gbohùngbohùn dákẹ́, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ikọ́. Ikọ́ lórí gbohùngbohùn, láti òpópónà wa títí dé ọjà. Ohùn ẹlòmíràn ló parí ìrun tí wọ́n ń pè.

Ìyàwó wọn ló sọ èyí tó kù fún mi nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ò ti lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Ó ní wọ́n kìlọ̀ fún òun kí n má gbọ́. Mo bínú sí òun náà. Mo bínú sí dókítà tó ń béèrè bóyá wọ́n ń mu sìgá, ẹ̀gbọ́n tí wọn ò fi sìgá kan ẹnu rí. Nígbà tí dókítà gbọ́ irú iṣẹ́ tí a ń ṣe, ó mi orí, ó ní ojú ọgbẹ́ ti pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, èyí tó ti lọ ò ní padà. Ó ní kí wọ́n má ṣe wọ ibi tí wọ́n ti ń gé pákó mọ́ títí wọ́n á fi kú. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n máa ń wá lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó sórí àga lábẹ́ páànù tó wà níta, wọ́n á máa bá àwọn tó ń kọjá ṣàwàdà kéékèèké. Mi ò yéé bínú sí wọn. Tí mo bá mú omi jáde fún wọn, mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn. "Ká ní ẹ gbọ́ ni." "Mo ṣáà sọ fún yín." Wọ́n á gba omi, wọ́n á mu ún. Ọ̀rọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń ṣún lò nítorí èémí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan ń dúró de ìlẹ̀kùn wọ́dúróòbù rẹ̀, mọ́tò ti wà níta tí ó fẹ́ fi gbé e. Gígé kan ṣoṣo ló kù. Họ́ọ̀sì fákúùmù ò sí lẹ́nu ayùn, mo sì ní kí ni mo fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ fún, gígé kan náà ni. Kí n má parọ́, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti ká mi mọ́, bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn, ó sì ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n máa ń rí mi nígbà tí a jọ wà níbẹ̀. Wọn ò fi bá mi wí rí.

Mo tan ayùn. Mo ti gé e dé ìdajì kí n tó gbọ́ ohùn níta.

"Mi ò gbọ́..." Wọ́n mí. "Mi ò gbọ́ ìró fákúùmù!"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní kí n gé e tán ná. Eruku ti gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo rí òjìji lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n fi ọwọ́ kan di férémù ìlẹ̀kùn mú, wọ́n fi etí agbádá bo imú, wọ́n sì wọlé. Mo pariwo kí wọ́n padà. Wọn ò padà. Wọ́n ń rìn nínú eruku yẹn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ táràrà lójú ọ̀nà, títí wọ́n fi dé igun, wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì fákúùmù.

Ìgbà tí mo gbé wọn jáde, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń na ìka sí àyà mi, kì í ṣe tiwọn. Ìyàwó wọn sáré dé, ó ní ta ló jẹ́ kí wọ́n wọlé, ta ló tú eruku sílẹ̀? Mo la ẹnu. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí wá ń wá ẹni tí yóò bà lé, kò sì rí ẹlòmíràn bí kò ṣe èmi.